Òpó Tí Wọ́n Gé Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bó bá jẹ́ ìtàn ẹni tó gba ọkọ ọlọ́kọ lẹ ń wá, tàbí ti ẹni tó kó àpótí owó ilé iṣẹ́ sá lọ, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kò jí abẹ́rẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ parọ́. Gbogbo nọ́ńbà tó gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ló pé, kò sí ẹyọ kan tó yingin. Síbẹ̀, nọ́ńbà tó pé yìí ló fi da ilé onílé rú.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì bá òun bẹ ẹnikẹ́ni.

Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè ya ewúrẹ́ kó jọ ewúrẹ́. Ilé iṣẹ́ ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó ìṣirò tó ń ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn wá sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi sọ́fítíwíà kan sọ wọ́n di àwòrán: òpó tó ga, òpó tó kúrú, ìlà tó ń gòkè, ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀. Màmá tó ni ilé iṣẹ́ ló sọ sọ́fítíwíà náà ní Dígí. Wọ́n ní láti ìgbà tó ti dé ni àwọn ti ń rí ojú ara àwọn.

Màmá ò nífẹ̀ẹ́ sí nọ́ńbà kíkà. Wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri yàrá ìpàdé, wọ́n á fi awò sójú, wọ́n á wo òpó tó ga, wọ́n á wo èyí tó kúrú, wọ́n á sì ní, "Ó yé mi." Ohun tó bá ti yé Màmá bẹ́ẹ̀, àṣẹ ti dé nìyẹn. Ẹni bá fẹ́ jiyàn kó lọ bá ògiri jà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Màmá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun sí ìlú kejì, ẹ̀rọ ìfọṣọ ò sì tó. Wọ́n wá ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù méjì tó sún mọ́ra jù gbọ́dọ̀ kógbá wọlé, kí àwọn lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, Ìyá Ìbejì ni máníjà ibẹ̀. Èkejì wà lókè, nítòsí ilé ìwé. Máníjà ti òkè yìí ni ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an.

Màmá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í padà wá dáadáa ni yóò lọ.

"Bí wọ́n bá wá dọ́gba," Màmá ní, "èyí tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni màá tì. Mi ò lè máa fi bàsíà gba òjò lórí aṣọ aláṣọ."

Ta ni òrùlé tirẹ̀ ń jò? Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán ni. Onílé ibẹ̀ ti ṣèlérí títí, kò tún nǹkan kan ṣe, ike méjì ló sì ń wà lábẹ́ àjà nígbà gbogbo bí ẹni pé wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹ̀gbọ́n tí ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló ń di irun fún àbúrò wọn, àwọn ló ń bá a lọ rí olùkọ́, àwọn ló ń fi ọwọ́ lé e níwájú orí bí ibà bá mú un. Inú ilé wọn náà ni Ayàwòrán ṣì ń gbé títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀ ẹ́, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá sí i.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n gbé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò mi, mi ò ní kí o parọ́ o. Mo kàn ní kí o fojú àánú yà mí."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. Ó ní Dígí kì í ṣojú àánú, ohun tó bá rí ló ń sọ.

"Ọwọ́ ta ló wà lẹ́yìn Dígí?" ẹ̀gbọ́n bi í. Wọn ò dúró gbọ́ èsì, wọ́n kó aṣọ wọn, wọ́n bọ́ sí yàrá.

Láti ìgbà náà ni ara Ayàwòrán kò ti lélẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ya òpó méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà tó bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló ń padà wá. Lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n kúkú ń gbẹ́ títì níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì láti oṣù mélòó kan, ẹni tó bá gbé àpò aṣọ dání gbọ́dọ̀ fo kòtò kó tó wọlé. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń fo kòtò nítorí pé ó fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì?

Lójú Dígí, òpó méjèèjì dúró gbọnin, èjìká sí èjìká. Ẹni tó bá wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà á ní wọ́n dọ́gba. Bí wọ́n bá sì ti dọ́gba, òrùlé tó ń jò ni yóò dá ẹjọ́.

Ayàwòrán dìde. Ó mu omi. Ó lọ sójú fèrèsé, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó padà wá jókòó.

Ibì kékeré kan wà nínú Dígí tí èèyàn ti ń sọ ibi tí òpó yóò ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, orí òdo ni gbogbo òpó á ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kí ilé bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè yí i padà bó bá ṣe wù ú. Ayàwòrán pa òdo rẹ́, ó tẹ ọgọ́rin síbẹ̀.

Òpó méjèèjì fò sókè lójú rẹ̀. Dígí ti gé ọgọ́rin kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku méje fún ẹ̀gbọ́n, ó ku mẹ́ta fún Ìyá Ìbejì. Ti ẹ̀gbọ́n wá ga fíofío, ti Ìyá Ìbejì wá di kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi bí àgbàlagbà àti ọmọ tí ó mú dání.

Nọ́ńbà kankan kò yí padà. Ọgọ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó ń wo èèyàn, lẹ́tà tín-ín-rín, àwọ̀ eérú. Ayàwòrán sọ fún ara rẹ̀ pé, mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i á rí i. Ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń bá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nájà.

Ó dá a padà sí òdo. Ó tún fi sí ọgọ́rin. Ó dá a padà sí òdo, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó tún fi sí ọgọ́rin. Akọ̀wé owó yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní wọ́n ti jókòó, Màmá ń dúró. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà lásìkò náà ló tẹ̀. Ọgọ́rin ni.

Ìpàdé náà kò pẹ́. Màmá fi awò sójú, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo Ìyá Ìbejì, wọ́n tún wo ògiri. "Ó yé mi," wọ́n ní.

Ìyá Ìbejì kò jiyàn. Wọ́n kàn fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo òpó tiwọn bí ìyá tí wọ́n ka ẹ̀sùn ọmọ rẹ̀ sí létí. Lábẹ́ tábìlì, ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ Ayàwòrán pẹ́pẹ́. Ìdúpẹ́ ni. Ayàwòrán yára fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ rí ló máa mọ ohun tí mo fẹ́ wí yìí. Ayàwòrán kò lè jókòó síbì kan. Yóò ṣí àwòrán náà, yóò tì í, yóò tún ṣí i bóyá ó ti yí padà fúnra rẹ̀. Yóò jáde nílé, yóò padà wá wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Yóò bu oúnjẹ, kò ní jẹ ẹ́ tán. Nílé, ẹ̀gbọ́n ń kọrin nínú ilé ìdáná. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ọ parí, yóò bọ́ síta.

Ó rò ó pé bí àwọn bá ti kó ẹ̀rọ lọ tán, ọkàn òun á balẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó lọ, Ìyá Ìbejì wá sí ọ́fíìsì.

Wọ́n wọlé jẹ́jẹ́, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn nígbà tí Ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí kò mọ aṣọ funfun tí wọ́n ń sè yàtọ̀ sí èyí tí wọn kì í sè. Ìyá Ìbejì ló mú un yí gbogbo ẹ̀rọ ká, tí wọ́n sì ní bó bá ti rú u lójú, kó wá bá àwọn, kó má tijú.

"Ọmọ mi, mi ò bá ìjà wá," wọ́n ní. "Mo fẹ́ kí o bá mi wò ó nínú Dígí, ibi tí mo ti ṣubú. Kí n lè mọ̀ ọ́n. Bí mo bá tún rí iṣẹ́ níbòmíràn, mi ò fẹ́ ṣubú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì náà, ilẹ̀kùn wà ní títì, obìnrin tó jókòó tì í kò sì tíì bú ẹnikẹ́ni rí. Ayàwòrán la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ìyá Ìbejì, àwọn oníbàárà ń sá ni."

"Kí ló ń lé wọn? Àbí kòtò iwájú wa nìkan ni?"

Ẹ wò ó bí àwòrán tí kò parọ́ ṣe bí irọ́ gidi. Nítorí bí ó bá ní òun kò mọ̀, Ìyá Ìbejì á ní kó wádìí. Bí ó bá wádìí, kòtò ojú títì ni yóò bá níbẹ̀, wọ́n á sì rí i pé bí iṣẹ́ títì bá parí, àwọn oníbàárà á padà. Ó wá mú ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

"Bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ aṣọ ni," ó ní. "Wọ́n ní aṣọ kì í tẹ́ mọ́."

Kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì mi orí wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà fún un kí wọ́n tó jáde.

Bàbá kan ló ń lọ aṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ìyá Ìbejì délé iṣẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́ lọ́kàn, wọ́n dojú ọ̀rọ̀ kọ Bàbá yìí níwájú àwọn tó ń fọṣọ, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ló lé oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, wọ́n ká épúrọ́ọ̀nù wọn, wọ́n gbé e lé orí tábìlì, wọ́n sì lọ.

Akọ̀wé owó ló ń ròyìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá lọ́wọ̀, kò tilẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ayàwòrán dìde níbi tó jókòó sí, ó bọ́ sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹnìkan fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ń jó ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi í pé ṣé àwọn ló ní kó lé Bàbá ni. Wọ́n ní àwọn ò ní kó gé nǹkan kan, àwọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń gé nǹkan. Nígbà tí Ayàwòrán sunkún, ohùn ẹ̀gbọ́n rọ̀. Wọ́n ní kó dákẹ́. Wọ́n ní bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ta ni yóò wá mú ilé dúró?

Ó dákẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn fẹ́ràn jù ló máa ń mọ bí a ṣe ń ní kéèyàn dákẹ́.

Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà ni àṣírí tú.

Màmá ti lọ sí ìlú kejì láti wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò wà. Ọmọ wọn kan ló bá wọn gbé Dígí sórí fóònù, kí wọ́n má baà máa dúró de ògiri. Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn bọ̀ ni wọ́n ti ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí gbogbo àwọn tó ń lo Dígí ń gbàgbé. Àwòrán ti ògiri lọ́tọ̀, ti fóònù lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá tún ti ògiri ṣe gbọ́dọ̀ padà lọ tún ti fóònù ṣe. Ayàwòrán kò padà lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi fóònù wò ó nígbà náà. Lórí fóònù Màmá, òpó ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Gbogbo wọn ti jókòó nígbà tí Màmá wọlé: Ìyá Ìbejì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ níwájú wọn lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n ní òdìkejì, akọ̀wé owó, àti Ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Màmá kò jókòó. Wọ́n ní kí Ayàwòrán gbé àwòrán ṣọ́ọ̀bù méjèèjì sára ògiri. Ó gbé e. Wọ́n na fóònù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó," Màmá ní. "Èyí tó wà lára ògiri yìí àti èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn?"

Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lára ògiri, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Lórí fóònù, méjèèjì jọ dúró.

Akọ̀wé owó ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó ní fóònù ló kéré, ó ń ká àwòrán kò ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ó yíjú sí Ayàwòrán, ó ní, "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Orí tó fẹ́ mì ló kù. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Ẹlòmíràn ti parọ́ náà fún un, ó ti dì í, ó ti gbé e lé e lọ́wọ́. Kó ṣáà gbà á ni. Ó ti fẹ́ mi orí.

Ìyá Ìbejì ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọmọ yìí láàmú. Ó ti jókòó tì mí, ó ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọmọ yìí ò lè tàn wá jẹ."

Ìyẹn ni kò lè gbé mì. Bí wọ́n bá bú u, ì bá jà. Ayàwòrán fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó ní, "Ti fóònù ló tọ̀nà. Èmi ni mo gé ẹsẹ̀ òpó yẹn."

Màmá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó sọ ti ọgọ́rin, ó sọ ti kòtò ojú títì, ó sì sọ pé kò sẹ́ni tó ráhùn nípa Bàbá tó ń lọ aṣọ, irọ́ òun ni. Níbi tó ti dé ọ̀rọ̀ Bàbá, Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ bo ẹnu wọn.

"Ta ló rán ọ?" Màmá bèèrè.

Ayàwòrán kò wo òdìkejì tábìlì. Ó mọ̀ pé bí òun bá wo ibẹ̀, gbogbo yàrá ni yóò wo ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹlẹ́kọ́kọ́rọ́, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

Màmá fi awò wọn padà sójú. Wọ́n wá ní kó tún àwòrán náà yà, níbi tí gbogbo wọn jókòó sí, láti orí òdo. Ayàwòrán rìn lọ síbi kọ̀ǹpútà. Ó pa ọgọ́rin rẹ́. Ó tẹ òdo. Lára ògiri, ẹsẹ̀ padà sábẹ́ òpó méjèèjì, wọ́n sì jọ ga sókè.

"Wọ́n dọ́gba," Màmá ní.

Kò sẹ́ni tí wọ́n nílò láti rán létí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Màmá ti kọ́kọ́rọ́ padà síwájú Ìyá Ìbejì. Lẹ́yìn náà wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wá inú àpò wọn, wọ́n wá a pẹ́, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ti òkè síbẹ̀. Ọwọ́ tó tẹ òdo ló ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.

Màmá kò lé Ayàwòrán. Wọ́n ní bí àwọn bá lé e, á lọ sinmi. Wọ́n ní kó lọ yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ká, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n sì ní láti òní lọ, àwòrán kankan ò gbọdọ̀ dé ara ògiri bí máníjà tó ni ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ kò bá tíì jókòó ti Ayàwòrán, kí ó sì bi í ní ìbéèrè tó bá wù ú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ayàwòrán kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìbejì.

"Dìde," Ìyá Ìbejì ní. "Ṣọ́ọ̀bù mi ti padà. Bàbá ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì jọ lọ bẹ Bàbá. Bàbá ti rí iṣẹ́ níbòmíràn, wọ́n sì gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀yàyà, wọ́n fún wọn lága, wọ́n gbọ́ gbogbo àlàyé. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò padà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, èyí tí wọ́n jù sí àwọn lójú gbogbo èèyàn ti fọ́, kò sẹ́ni tó lè ṣà á jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán han ọ̀gá yín kí ó lè mọ ibi tí yóò yà sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Bí ìdí kan bá wà tí ẹ ò fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ síta, ẹ má kọ ọ́ ní tín-ín-rín kí ẹ wá máa pe ìyẹn ní òtítọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, kó tó yé yín, ẹ bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Nílé, ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, Ayàwòrán sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àpótí, ó dìde, ó tún jókòó.

"Mo ń dúró kí o dárúkọ mi," ẹ̀gbọ́n ní. "O ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n dárúkọ yín ni?"

"Bó o bá dárúkọ mi, ǹ bá bínú sí ẹ. Ta ni kí n wá bínú sí báyìí?"

Ìbínú náà kò rí ibi dé sí, ó sì ń rìn káàkiri nínú ilé náà bí ẹni tí kò rí àga. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ síra wọn. Wọ́n kó ẹ̀rọ ti òkè lọ, ẹ̀gbọ́n kò lọ wò ó.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ pe Ayàwòrán. Wọ́n ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé tábìlì ìlọṣọ kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn. Kì í ṣe iṣẹ́ máníjà, iṣẹ́ Bàbá ni. Bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ayàwòrán ò mọ ibi tí yóò wò. Ó bi Ìyá Ìbejì pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe irú èyí.

"Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tí wọ́n bi ọ́ pé ta ló rán ọ," Ìyá Ìbejì ní. "Èmi náà ní àbúrò. Jíṣẹ́ tí mo rán ọ."

Ó jíṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín ìbínú, wọ́n ní ṣé kí àwọn wá máa lọ aṣọ lábẹ́ ẹni tí àwọn jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà? Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ayàwòrán kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n jáde síta pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń tún ilé ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n ti gé èékánná wọn. Ayàwòrán gbé àpò wọn fún wọn, àwọn méjèèjì sì jọ rìn dé ẹnu géètì.

"O ò tíì sọ fún Ìyá Ìbejì pé èmi ni?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mi ò sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀."

"Mímọ̀ lọ́tọ̀, sísọ lọ́tọ̀." Wọ́n gba àpò wọn lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá sọ ọ́ kí n tó mú áyọ́ọ̀nù. Níwájú àwọn tó ń fọṣọ, níbi tí wọ́n ti sọ ti Bàbá."

Wọ́n ní kó padà sílé lọ múra iṣẹ́ tirẹ̀, kó má pẹ́. Wọ́n sì kọjá sí òdìkejì títì, wọ́n gba ọ̀nà afárá lọ.